Ìpín Tí Fóònù Ní Kí N Má Pín

Abúlé Naidoi,
Erékùṣù Kadavu,
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kejìlá.

Litia, ọmọ mi àkọ́bí,

Mo kí ọ kú ọdún, mo kí ọ kú ewu ọdún, mo sì kí ọ kú iṣẹ́ ìjọba tí o ń ṣe ní Suva. Bí ìwé yìí bá bá ọ lórí ìdúró, wá àga jókòó, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pọ̀. Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ìjì èṣí gbé ilé ìdáná wa lọ tán, tó fi ògiri kan sílẹ̀ fún wa kí a lè rántí ibi tó wà, Òun náà kò ní jẹ́ kí ibi mọ ọ̀nà ilé rẹ. Ara wa le. Orúnkún ìyá rẹ ṣì ń sọ fún un bí òjò bá fẹ́ rọ̀, àṣìṣe rẹ̀ kò sì tó ti rédíò. Abo ẹlẹ́dẹ̀ wa bí méje, ọ̀kan kú, Vasemaca àbúrò rẹ sọ àwọn mẹ́fà yòókù lórúkọ, ó wá di pé kò sẹ́ni tó lè pa ọ̀kankan nínú wọn mọ́. Vasemaca fúnra rẹ̀ ti ga jù mí lọ. Ó ti kọ orúkọ rẹ̀ sí ara àpótí onírin tí yóò gbé lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó tún kọ ọ́ sí ìdérí, bí ẹni pé gbogbo olè tó wà ní Fiji ló mọ̀wé kà.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ owó. Jẹ́ kí n rò ó fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé Penaia, tavale mi, ìbátan tí àṣà fún láyè láti máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀, ti fi fóònù ro tirẹ̀ fún ọ, ìwọ náà sì mọ Penaia. Bí ó bá rí ejò kan lóko, méje ni yóò fi dé abúlé.

Ní Ọjọ́rú, ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí Kérésì pé, mo wà lóko tí mo ń fa kókò tu, ni fóònù tí o rà fún mi bá ké lẹ́ẹ̀mẹta nínú àpò. Iṣẹ́ mẹ́ta ló jẹ́ fún mi. Àkọ́kọ́ ni tìrẹ, tí o ní, Bàbá, ìjọba ti san owó wa ṣáájú ọdún, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀bùn o, owó tó yẹ ká gbà lẹ́yìn Kérésì ló tètè dé, òmíràn kò sí mọ́ títí di àárín oṣù Kìíní, ẹ jọ̀ọ́ ẹ pín in sí mẹ́ta, èyí tó tóbi jù ni owó ibùsùn Vasemaca, torí tí kò bá dé ilé ẹ̀kọ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kìíní wọ́n á gbé ibùsùn ẹ̀ fún ọmọ ẹlòmíì, èyí tó tẹ̀ lé e ni oúnjẹ, èyí tó kéré jù ni ìṣó òrùlé ilé ìdáná kí ìjì tó dé. Gbogbo rẹ̀ yé mi. Ìkejì jẹ́ èdè òyìnbó, ó kún fún nọ́ńbà, mo rò pé ó ń kí wa kú ọdún ni, mo fi í sílẹ̀. Ìkẹta jẹ́ èdè tiwa, lẹ́tà ńláńlá ni wọ́n fi kọ ọ́. Ó ní: PIN RẸ NI 4417. MÁ PÍN IN FÚN ẸNIKẸ́NI.

Litia, mo mọ̀wé díẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí a máa gé ọ̀rọ̀ kúrú nínú fóònù, tí ẹ ó kọ "pín" dípò "ìpín". Ìpín mi, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin dọ́là ó lé irínwó àti mẹ́tàdínlógún! Mo jókòó lé kókò tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tu. Mo ní, ọmọ mi ti di èèyàn ńlá ní ọ́fíìsì, kò sì sọ fún wa. Mo rántí bàtà ẹsẹ̀ rẹ nígbà tí o wá kí wa, pé òun náà ni o wọ̀ kúrò nílé lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, mo ní ìrẹ̀lẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n gbólóhùn kejì bà mí lẹ́rù. Má pín in fún ẹnikẹ́ni? Ta ló ń bá ọmọ Kadavu sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Bí ìbátan bá dé tó ní kerekere, pé òun wá tọrọ, ọwọ́ a máa la ara rẹ̀ ni. Bàbá mi fún àbúrò rẹ̀ tó ṣe kerekere ní ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo tó ní, ó sì ń lúwẹ̀ẹ́ lọ sóko fún ọdún méjì. Ṣùgbọ́n mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀, mo ní ìjọba ló san owó, ìjọba ló pàṣẹ, ta ni èmi tí n óò rú òfin?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni Penaia dé. Ó ní, tavale, mo gbọ́ pé owó Suva ti gúnlẹ̀, kerekere o, púlọ́ọ̀gì ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi mi ti kú, àádọ́ta dọ́là péré. Ojú tì mí, mo kàn na fóònù sí i. Ó kà á, ètè rẹ̀ ń mì. Ó ní, kín rèé? Ìjọba wo ló ya ahun tó báyìí? Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun, òun ò tíì rí òfin tó bá ẹnu ìyá rẹ mu tó eléyìí, àfi bí ẹni pé ìyá rẹ ló kọ ọ́ fún wọn. Ìyá rẹ ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kejì, èèyàn mẹ́rin mìíràn ti wá, àwọn tí ń bọ̀ wá tọrọ aṣọ ọdún àti àpò ìyẹ̀fun. Mo fi òfin hàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kà á, wọ́n mi orí, wọ́n sì káàánú mi pé mo lówó tí n kò lè pín.

Owó náà wà bẹ́ẹ̀ lódindi títí di ọjọ́ Àìkú, èmi ni ara kò rọ̀. Kí èèyàn máa ní kí ó máa di ọwọ́, ó ń dunni bí ẹ̀gún. Nínú ìsìn, alàgbà Josateki dìde, ó ní ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ti fọ́, yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ tí a ó fi tún un ṣe yóò gba ọgọ́rùn-ún mẹ́ta dọ́là, ta ni Ọlọ́run yóò lò. Ọ̀rọ̀ kan bá sọ sí mi lọ́kàn: òfin sọ pé "ẹnikẹ́ni", Ọlọ́run kì í sì í ṣe ẹnikẹ́ni. Ni mo bá dìde. Mo dúpẹ́ lórí rẹ, mo ka ìpín wa síta fún ìjọ, mẹ́rin, mẹ́rin, ọ̀kan, méje, mo sì jẹ́jẹ̀ẹ́ ọgọ́rùn-ún mẹ́ta. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ìyá rẹ já mi léèékánná ní itan, mo rò pé ayọ̀ ni.

Ní ọjọ́ Ajé, a lọ sí ṣọ́ọ̀bù Damendra létí èbúté láti gba owó náà. Damendra ní, Bàbá, ẹ tẹ nọ́ńbà yín, ẹ má jẹ́ kẹ́nì kankan gbọ́ ọ o. Àwọn tó tò sí ẹ̀yìn mi gùn dé ìdí máńgòrò, gbogbo wọn bá dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ pẹ̀lú: mẹ́rin, mẹ́rin, ọ̀kan, méje! Damendra bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ojú. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó ní ẹgbẹ̀ta dọ́là ó lé ogójì ló wà níbẹ̀. N kò bínú. Mo kàn bi í níbi tí ìyókù wà, mo sì sọ fún un pé n óò jókòó lórí àpò ìrẹsì títí yóò fi dé. Ó wá yọ jáde, ó jókòó tì mí, ó ka iṣẹ́ èdè òyìnbó náà fún mi, ẹgbẹ̀ta ó lé ogójì náà ló wà níbẹ̀. Ó ní, Bàbá, PIN kì í ṣe ìpín. Kọ́kọ́rọ́ ni. Kọ́kọ́rọ́ àpótí owó yín lẹ kà jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì un.

Ṣùgbọ́n gbọ́ o, kọ́kọ́rọ́ àpótí wa wà lẹ́nu gbogbo Naidoi láti ọjọ́ Àìkú, kò sì sẹ́ni tó ṣí i. Damendra ní torí pé fóònù wà lápò mi ni. Èmi mọ̀ pé torí pé Naidoi ni.

A gba ọ̀nà ilé. Nígbà tí a kọjá odò, ìyá rẹ ní, Bàbá Litia, owó ló tètè dé, ebi oṣù Kìíní ò tètè lọ o. Bí ẹ bá yọ ọgọ́rùn-ún mẹ́ta nínú ẹ̀, èwo ni ká fi sílẹ̀, oúnjẹ àbí ibùsùn ọmọ? Nígbà tí a dé ẹ̀yìn ilé, Vasemaca ti gbọ́ ṣáájú wa. Ó jókòó ti àpótí rẹ̀, ó fi yanrìn tútù ń ha orúkọ rẹ̀ kúrò lára rẹ̀, ó ti ha ẹ̀gbẹ́ kan tán. Kò sunkún, kò sì bá mi jà. Ó kàn ní, Bàbá, ẹ kú àbọ̀. Litia, ó dùn mí wọra. Ká ní ó bú mi ni, ìbá sàn.

Mo yí ẹsẹ̀ padà, ó di ọ̀dọ̀ alàgbà Josateki. Mo jẹ́wọ́ ohun gbogbo. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di òpó mú, ó nu ojú, ojú rẹ̀ wá le. Ó ní, Apenisa, ẹ̀jẹ́ ni ẹ̀jẹ́, n kò lè bá ọ pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n ṣé dọ́là ni Ọlọ́run fẹ́ fi tẹ́ ilẹ̀ ni, àbí yanrìn? Ó ní yanrìn àti òkúta ń bẹ ní etíkun òdìkejì ọ̀hún lọ́fẹ̀ẹ́, owó ọkọ̀ àti owó alárù ni ọgọ́rùn-ún mẹ́ta.

Mo lọ tààrà sí ẹnu ọ̀nà Penaia, mo jókòó sílẹ̀, mo sì sọ ohun tí n kò sọ fún un rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí wa. Mo ní, tavale, kerekere. Ó ní, kí lo wí? Mo ní, ọkọ̀ rẹ, àti èjìká rẹ, títí di ọjọ́ tó ṣáájú Kérésì. Ó ní, ìwọ tí fóònù rẹ ń ṣòfin, púlọ́ọ̀gì tí o ò rà fún mi ńkọ́? Ṣé èémí lọkọ̀ máa fi rìn ni? Mo ní a ó fi àjẹ̀ wà á. Mo tún lọ bá àwọn mẹ́rin yòókù, mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ta ló jẹ́ kọ kerekere? Ẹnu ń ráhùn, ẹsẹ̀ ń bọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni a fi ru yanrìn. Penaia tó ráhùn jù ló rù jù, bí ó bá sì ti sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀ yóò ní, Ọ̀gbẹ́ni Mẹ́rin-Mẹ́rin-Ọ̀kan-Méje, ó ku èló nínú ìpín rẹ? Ohun tí gbogbo ọmọdé abúlé ń pè mí nìyẹn báyìí. Nígbà tó fi di ọ̀sán ọjọ́ kejì, àwọn èèyàn tí n kò bẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé apẹ̀rẹ̀ wá. Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ tó ṣáájú Kérésì, yanrìn ti ga dé ojú fèrèsé, alàgbà sì kọ sínú ìwé rẹ̀ pé Apenisa ti san ẹ̀jẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà, fọkàn balẹ̀. Damendra ti fi fóònù san owó ibùsùn Vasemaca, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú Bíbélì wa. Vasemaca ti tún orúkọ rẹ̀ kọ sára àpótí, ó ti fi ìsàlẹ̀ kún un. Ìrẹsì àti ìyẹ̀fun tí yóò dé àárín oṣù Kìíní wà lábẹ́ ibùsùn, ìyá rẹ ló ń sùn lé e lórí. A ra ìṣó, a gbàgbé òòlù, mo ṣe kerekere òòlù lọ́wọ́ Penaia, ó ti ń mọ́ mi lára. Wọ́n ti yí kọ́kọ́rọ́ àpótí owó inú fóònù padà, ìyá rẹ ló tẹ̀ ẹ́, ó kọ ẹ̀yìn sí mi nígbà tó ń tẹ̀ ẹ́, kò sì sọ ọ́ fún mi di òní.

Ìwé bàbá sí ọmọ kì í pé láìsí ẹ̀bẹ̀, nítorí náà èyí ni tèmi. Nígbà tí owó oṣù Kìíní bá dé ní àkókò rẹ̀, má jẹ́ kí wọ́n tún kánjú san án, bá mi ra púlọ́ọ̀gì kan fún ẹ̀rọ ọkọ̀ Penaia, èjìká ọkùnrin náà ti wú, ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò rẹ̀. Kí o tún fi dọ́là mẹ́wàá kún un fún mi kí n lè fi máa pè ọ́. Kerekere ni mo ṣe o, o mọ̀ pé a kì í kọ̀ ọ́.

Ó ku ohun kan. Lálẹ́ Kérésì, mo ní kí Vasemaca tún iṣẹ́ rẹ kà fún wa. Ibùsùn, oúnjẹ, ìṣó. Mo ní, ti Litia dà? Ó wá a lókè, ó wá a nísàlẹ̀. O pín in sí mẹ́ta, Litia, mẹ́rin sì ni wá. Owó kan náà tí o ń retí lẹ́yìn ọdún ni o kó ránṣẹ́ sí wa, ìwọ náà sì ń bẹ ní Suva títí di àárín oṣù Kìíní pẹ̀lú bàtà yẹn. Ìyá rẹ ló wá sunkún. Ó yọ ọgọ́ta dọ́là nínú owó oúnjẹ, ó ní òkun wà lẹ́yìnkùlé wa, kò sí lẹ́yìnkùlé tìrẹ. Ó rán an mọ́ inú ìrọ̀rí kékeré tó wà ní ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ tí ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi yóò fi lé ọ lọ́wọ́, lábẹ́ kókò àti ẹja gbígbẹ. Àwọn ará ọ́fíìsì rẹ yóò gbọ́ òórùn ẹja náà, wọn yóò sì wá. Fún wọn ní ẹja, fún wọn ní kókò. Ọlọ́run yóò ṣọ́ àlọ rẹ, yóò ṣọ́ àbọ̀ rẹ, oúnjẹ kò ní wọ́n ọ, ẹsẹ̀ rẹ kò sì ní kan ilẹ̀ lásán. Ṣùgbọ́n ọgọ́ta dọ́là náà, ìpín rẹ ni. Má pín in fún ẹnikẹ́ni.

Èmi bàbá rẹ,
Apenisa.