Mi Ò Ní Kúnlẹ̀ Lọ́jọ́ Àìkú

Bàbá mi,

Mo kọ "ọ̀wọ́n" sí i tẹ́lẹ̀, mo sì pa á rẹ́. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí ẹ kú, síbẹ̀ inú ń bí mi sí yín bí ẹni pé àárọ̀ òní la jà. Ó ń ṣe mí bíi kí n pe yín ní "ìwọ", kí n sọ ọ́ sí yín lójú, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò gbà á. Ilé yín ni wọ́n ti kọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n máa fi ọ̀wọ̀ bínú sí yín nígbà náà.

Ìyá Sùlé, ẹ̀gbọ́n yín obìnrin, wá sílé wa ní Jákàńdè lánàá. Wọ́n jókòó sórí àga yín, wọ́n ní Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni àdúrà ọdún kẹta yín. Wọ́n ní tí àwọn ààfáà bá ti ṣe tán, gbogbo wa á lọ síbi ibojì yín, èmi á sì kúnlẹ̀ níbẹ̀, màá bẹ̀ yín. Wọ́n ní ẹ bínú sí mi kú. Wọ́n ní ìbínú yín ló fà á tí nǹkan mi fi máa ń já nígbà tó bá kù díẹ̀ kó tẹ̀ mí lọ́wọ́. Màámi wà níbẹ̀, wọ́n ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà wọn lọ. Ẹ mọ̀ wọ́n.

Nǹkan tí Ìyá Sùlé ń sọ pé ó já náà, bọ́ọ̀lù ni. Ẹ máa fetí sílẹ̀, torí ẹ̀yin lẹ wà nídìí ẹ̀.

Mo ń gbá lakirọ́ọ̀sì. Ọdún kan gbáko ni mo fi fi í pa mọ́ fún yín kí ẹ tó kú. Bọ́ọ̀lù kékeré kan ni, ó le bí òkúta, ọ̀pá tó ní àwọ̀n lórí la fi ń gbé e sáré, òun la fi ń jù ú síra wa, òun náà la fi ń gbá a wọlé. Obìnrin méjìlá ní apá kan, obìnrin méjìlá ní apá kejì. Pápá kan ní Òkè-Afà la ti ń gbá a, àwọn oníkẹ̀kẹ́ a sì máa dúró wò wá títí èrò tó wà lẹ́yìn wọn á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè. Àwọn ọkùnrin náà ń gbá a, ṣùgbọ́n àwọn máa ń dé akoto, wọ́n sì láàyè láti forí sọ ara wọn. Àwa obìnrin kì í dé akoto. Awò tó bo ojú àti rọ́bà tí à ń fi sáàárín eyín nìkan la ní. Ìdí nìyẹn tí òfin tiwa fi le tó bá di ọ̀rọ̀ orí. O lè fi ọ̀pá ẹ gbá ọ̀pá ẹnìkejì kí bọ́ọ̀lù lè já bọ́. Ṣùgbọ́n tí ọ̀pá ẹ bá wọ àyíká orí ẹ̀, bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì péré, fáwùlù ni, kódà tí kò bá kàn án. Tó bá wá kàn án, káàdì yẹ́lò ni lójú ẹsẹ̀. Rẹfirí ò ní bi ọ́ bóyá o mọ̀ọ́mọ̀ ni, kò sì ní bi ọ́ ta lo jẹ́. Wàá jáde, wàá jókòó nídìí tábìlì fún ìṣẹ́jú méjì, ẹgbẹ́ ẹ á máa fi èèyàn mọ́kànlá gbá a. Tó o bá gba ìkejì, ó ti parí fún ẹ lọ́jọ́ yẹn.

Lọ́jọ́ tí kóòṣì kọ́kọ́ ka òfin yẹn fún wa, mo ní kó tún un kà. Kò sí òfin tí mo fẹ́ràn tó o láyé mi. Mo kọ́ ọ sórí bí ọmọ ilé kéwú ṣe ń kọ́ súrà. Àwọn èèyàn kan tí mi ò mọ̀ rí jókòó níbì kan, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé orí obìnrin kì í ṣe ibi tí ẹnikẹ́ni ń gbá. Inú mi dùn débi pé inú tún bí mi. Mo ń ka orúkọ yín mọ́ ọn: káàdì fún Bàbá, káàdì fún Bàbá, káàdì fún Bàbá.

Ṣé ẹ rántí ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá? Mo wà lẹ́yìn búlọ́ọ̀kù wa, èmi àti àwọn ọmọkùnrin ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹ sì ń ti ilé iṣẹ́ aṣọ bọ̀. Ẹ máa ń bọ́ aago ọwọ́ yín kí ẹ tó nà wá. Ẹ máa ń gbé e lé orí tẹlifíṣọ̀n jẹ́ẹ́jẹ́, a ó sì mọ̀ pé ó ti délẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn ẹ ò dúró bọ́ nǹkan kan. Ìfọ́tí kan ṣoṣo ni, etí òsì. Ó hó títí, nígbà tó sì dákẹ́, kò tún gbọ́rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Ọjọ́ kẹta tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn jáde níbẹ̀ ni Màámi tó gbé mi lọ sọ́sibítù, wọ́n sì sọ fún dókítà pé mo ṣubú ní balùwẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni mi ò lè gbàgbé. Màámi ní kí n lọ kúnlẹ̀, kí n bẹ̀ yín. Èmi tí wọ́n gbá létí, èmi náà ni mo lọ bẹ̀bẹ̀. Mo kúnlẹ̀, ẹ ń jẹun. Ẹ jẹun tán, ẹ fọwọ́, ẹ gbọ́ ìròyìn, oorun sì gbé yín lọ lórí àga. Ẹ ò ní kí n dìde. Nílé wa, ẹni tó bá kúnlẹ̀ kì í dìde títí àgbà á fi ní kó dìde, mo sì jẹ́ ọmọ tó gbọ́ràn. Orí eékún mi ni mo wà títí ladàní fi pe ìrun alẹ́. Nígbà tí ẹ jí, ẹ bi mí pé kí ni mò ń wá níbẹ̀.

Ohun tó tiẹ̀ burú jù ni pé ẹ̀yin yìí kan náà lẹ máa ń ṣẹ́ ìsàlẹ̀ tíì yín kù fún mi láràárọ̀, ibi tí ṣúgà pọ̀ sí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ ṣẹ́ ẹ kù. Mo gbà á, mo mu ún, ó sì dùn. Mo lè dárí ìfọ́tí jì yín lọ́jọ́ kan, mi ò mọ̀. Tíì yẹn ni mi ò lè dárí ẹ̀ ji ara mi.

Sátidé ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn la pàdé àwọn ará Èjìgbò. Ẹgbẹ́ tó bá borí ló máa gbá àṣekágbá, níbi tí àwọn tó ń yan obìnrin fún ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ máa wá wò wá. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ẹ̀yìn ni mo ti ń gbá a, kóòṣì sì ti sọ fún mi pé ọdún yìí ni tèmi, pé tí wọ́n bá fi lè rí mi, wọ́n á mú mi. A fi góòlù kan ṣíwájú, ó ku nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àǹtí Sidi, tí wọ́n ń gbá fún Èjìgbò báyìí, gbé bọ́ọ̀lù gba apá òsì mi. Wọ́n ti ń lọ sí ogójì ọdún, wọ́n bí ìbejì, àwọn ni wọ́n sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń so àwọ̀n ọ̀pá nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mi ò gbọ́ ẹsẹ̀ wọn. Nígbà tí mo máa fi yíjú, wọ́n ti dé ẹ̀gbẹ́ mi. Mo ju ọ̀pá láìwò, ó bà wọ́n níwájú orí, lókè awò. Mo gbọ́ ìró yẹn dáadáa.

Fèrè dún. Àǹtí Sidi jókòó sílẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú. Ara mi ṣe ohun tí ẹ kọ́ ọ. Mo ju ọ̀pá nù, mo kúnlẹ̀ síwájú wọn lórí koríko, mo ń sọ pé ẹ jọ̀ọ́ Àǹtí, ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́. Wọn ò lè dá mi lóhùn, ojú wọn pa dé, rọ́bà wà lẹ́nu wọn. Mo sì ń dúró kí wọ́n ní kí n dìde.

Rẹfirí wà lápá òsì mi. Ọmọbìnrin kékeré kan ni, mo jù ú lọ. Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ẹ̀ẹ̀mẹta ló ní kí n jáde. Mi ò gbọ́ ọ̀kankan. Màmá àgbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ń yìn mí pé ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ni mí. Ṣùgbọ́n òfin ò mọ ẹ̀kọ́ ilé. Ẹni tí wọ́n bá fún ní káàdì, tó kọ̀ tí kò jáde, ó ń dá eré dúró ni, káàdì míì sì ni èrè ẹ̀. Ìgbà tí ẹnì kan nínú àwa tiwa fa aṣọ mi ni mo tó gbójú sókè, káàdì kejì ni mo bá lọ́wọ́ rẹfirí. Ó parí fún mi. Èèyàn mọ́kànlá ni ẹgbẹ́ wa fi gbá a fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, góòlù méjì wọlé, wọ́n fi ẹyọ kan borí wa. Kóòṣì ò pariwo. Ó kàn wò mí, ó ní, "Ta ló ní kó o kúnlẹ̀? Rúùlù ò ní kó o kúnlẹ̀. Rúùlù ní kó o comot."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo ra ọsàn lọ sílé Àǹtí Sidi ní Ìsọlọ̀. Orí wọn wú díẹ̀, wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo fẹ́ fún wọn ní ìwo. Mo tún fẹ́ kúnlẹ̀, wọ́n gbá mi lápá mú kí eékún mi tó kan ilẹ̀.

"Ẹ̀bẹ̀ kọ́ ló yẹ kó o bẹ̀ mí lọ́jọ́ yẹn," wọ́n ní. "O gbá mi lórí, lọ jókòó ìṣẹ́jú méjì ẹ. Tó o bá ti jókòó ẹ̀ tán, èmi àti ẹ ti parí ẹ̀ nìyẹn."

Ìṣẹ́jú méjì, Bàbá. Mo ń rò ó láti Ìsọlọ̀ títí mo fi délé. Ẹ ò jókòó ìṣẹ́jú méjì fún mi rí. Ọdún mẹ́tàlá lẹ fi wà láyé lẹ́yìn ìfọ́tí yẹn, ẹ sì rí i bí mo ṣe ń yí orí kí n tó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ yín nídìí oúnjẹ. Ẹ rí i. Ẹ kàn máa ń gbé ohùn sókè díẹ̀ sí i ni. Kí ló dé tí ẹ ò sọ nǹkan kan? Ṣé ojú ń tì yín ni, àbí ẹ ti gbàgbé?

Ìyá Sùlé ní mo kọ̀, mi ò kúnlẹ̀ níbi ibùsùn yín ní ọsibítù. Òótọ́ ni, mo jókòó ni. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ni wọ́n wà, wọn ò rí gbogbo ẹ̀, mi ò sì tíì sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Ẹ na ọwọ́, ẹ di ọrùn ọwọ́ mi mú. Ètè yín mì. Ẹ sọ nǹkan kan, kò gùn. Apá òsì mi lẹ wà. Kí n yí orí péré ni, mo sì mọ̀. Mi ò yí i. Mo ní lọ́kàn mi pé ẹ̀yin lẹ ti ilẹ̀kùn etí yẹn, kí ẹ máa kàn án lọ. Nígbà tí mo padà dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ti fi aṣọ bò yín.

Ṣé ẹ̀bẹ̀ ni? Ṣé omi lẹ ń béèrè? Àbí ẹ tún ń bá mi wí ni?

Màá wá lọ́jọ́ Àìkú. Mi ò ní kúnlẹ̀, kí Ìyá Sùlé pariwo títí ilẹ̀ á fi ṣú. Tí gbogbo wọn bá ti padà sínú ọkọ̀, màá wá dúró síbi tí etí ọ̀tún mi á fi kọjú sí yín, màá sì pẹ́ níbẹ̀. Mo mọ̀ pé òkú kì í sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tún un sọ.

Èmi ọmọ yín, tí ó ṣì fẹ́ràn yín, tí ìyẹn gan-an sì ń bí nínú.