Kọ̀ǹpútà Tí Ẹ Fi Àdìrẹ Wé

Màámi, ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ìdí aró. Àrẹdú o. Mo kí Bàámi. Mo kí gbogbo àwọn ìyá tí ẹ jọ ń rẹ aṣọ, Àlàájà àti Ìyá Ìjọ bákan náà. Gbangba ni mo kọ lẹ́tà yìí sí, nítorí mo fura pé kì í ṣe ilé tiwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀.

Yìnyín ti bo ọ̀nà níbí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Òkùnkùn ni mo fi ń jáde lọ síbi iṣẹ́, òkùnkùn ni mo fi ń wọlé. Lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí ara bá ń wá ẹni tí a óò bá sọ̀rọ̀, mo máa ń bá àwọn ènìyàn tí n kò rí rí tún láíbìrì kan ṣe. Kì í ṣe ilé ìkàwé o. Àkójọ iṣẹ́ tí a fi èdè kọ̀ǹpútà kọ sílẹ̀ ni, ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni lè mú un lò. Orí rẹ̀ ni mo kọ́ ètò tí ó ń tẹ àwọn ọnà Ìyá Àgbà jáde fún yín, kí ẹ lè gé páànù tí ẹ fi ń ya ọnà sára aṣọ tẹ̀ lé e.

Lọ́jọ́bọ̀, Dèọlá àbúrò mi pè mí. Ó ní oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan ní Ìbarà ti nu gbogbo inú kọ̀ǹpútà ìsọ̀ kí ó lè yá. Nígbà tí wọ́n tún fẹ́ fi láíbìrì náà sí i, láíbìrì náà kọ̀. Ó ní èdè tí ẹ̀rọ yẹn ń sọ ti gbó jù, pé ẹ̀yà tuntun nìkan ni òun ń bá ṣiṣẹ́ báyìí. Páànù Ìyá Àgbà ti dípẹtà. Àwọn ọnà wọn wà lórí fláàṣì, ṣùgbọ́n ètò yẹn nìkan ló lè ṣí wọn, àwọn ará Alábàtà sì ń retí aṣọ wọn kí oṣù tó parí.

Mo fura. Mo ṣí ìwé ìpinnu ẹgbẹ́ wa tó ń tún láíbìrì náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ náà kò pọ̀, pé gbogbo àtúnṣe ni à ń dán wò lórí ẹ̀yà tuntun àti ti àtijọ́, àti pé kò sí ẹni gidi tó tún ń lo ti àtijọ́, nítorí náà kí a pa á tì. Ẹni gidi. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì lọ wo orúkọ àwọn tó fọwọ́ sí i, kí n lè mọ ẹni tí n óò dojú kọ. Márùn-ún ni wọ́n. Ẹ̀kẹta, èmi ni.

Mo fọwọ́ sí i nítorí mo ti fi kọ̀ǹpútà tuntun ránṣẹ́ sí yín lọ́dún méjì sẹ́yìn. Mo gbà pé ti àtijọ́ ti sinmi. Bẹ́ẹ̀ ni ìfura mi yí sí Dèọlá. Mo bi í léèrè ibi tí tuntun wà. Ó ní ó wà. Mo ní níbo. Ó ní nínú ilé. Mo sọ fún un, ní ohùn jẹ́jẹ́ tí ó mọ̀ dáadáa, pé bí ó bá ti tà á, kí ó dárúkọ ẹni tó rà á. Ó wá ní:

"Àǹtí mi, ẹ má fi mí ṣe olè. Ó wà lábẹ́ ibùsùn Màámi. Wọ́n fi àdìrẹ wé e. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bọ́ ọ̀rá ara rẹ̀ títí ẹ ó fi dé."

Ọdún méjì, Màámi.

N kò pariwo. Mo ti kọ ìgbésẹ̀ mẹ́sàn-án tí ètò náà yóò fi tún ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ìsọ̀ ránṣẹ́ sí Dèọlá, kò gbọdọ̀ fo ìkankan. Mo sì ti kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́ wa, lábẹ́ orúkọ ara mi, pé irọ́ ni a pa: ẹni gidi ń lò ó, ìyá mi ni.

Ìfura kan ló kù. Mo fura pé kì í ṣe kọ̀ǹpútà ni ẹ ń tọ́jú. Mo fura pé ẹ rò ó pé bí wọ́n bá bọ́ ọ̀rá yẹn kí n tó dé, a jẹ́ pé n kò bọ̀ mọ́. N kò sì lẹ́nu láti bá yín jà, nítorí ìró àti bùbá tí ẹ rẹ fún mi kí n tó kúrò nílé ṣì wà nísàlẹ̀ àpótí mi. Mo ní ọjọ́ tí mo bá padà dé ni n óò wọ̀ ọ́.

Lọ́la, n óò wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́, lábẹ́ ẹ̀wù òtútù. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ̀yin náà bọ́ ọ̀rá yẹn.

Kí aró yín má bàjẹ́. Kí Ọlọ́run dá Bàámi sí fún wa. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, kí ẹ sì sọ fún Dèọlá pé mo tọrọ àforíjì.

Èmi ni ọmọ yín tí ó ń bọ̀,
Fọlákẹ́