Korobá Mẹ́rin Tó Wà Lọ́dọ̀ Káńsù

Ṣakí, Àlàmísì, inú ẹ̀ẹ̀rùn 1982

Korobá mẹ́rin ni mo ní láàárọ̀ òní. Mi ò ní ẹyọ kan mọ́.

Ìyá ọkọ mi ló kó wọn lọ. Wọ́n gbé méjì méjì lé àwọn ọmọ mi, Rafíù àti Kúdí, lọ́wọ́, wọ́n sì kó àwọn obìnrin àdúgbò lẹ́yìn lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà káńsù pé àfi bí wọ́n bá fún wa lómi. Àwọn ẹ̀ṣọ́ gba gbogbo korobá, wọ́n tì í mọ́lé.

Nírọ̀lẹ́, ọkọ̀ omi dé lóòótọ́. Àwọn tó jókòó sílé ló rí korobá gbé jáde. Ìyá Sàká ojúlé kejì, tó ń fi ìyá ọkọ mi ṣẹ̀sín láàárọ̀, pọn mẹ́fà.

Ó ní, "Ìyá Rafíù, ẹ bá mi kí Ìyá o. Ìjà wọn mà dùn o!"

Ìkòkò ọbẹ̀ lèmi gbé jáde. Kí n tó dà á sí àmù kí n tó padà, omi ti tán.

Ife mẹ́sàn-án péré. Mo fi mẹ́rin rokà, àwọn ọmọ mu mẹ́rin. Mo gbé èyí tó kù fún Ìyá kí wọ́n fi ṣe àlùwàlá. Kúdí ní òùngbẹ ṣì ń gbẹ òun, wọ́n bá gbé e fún un. Eruku ilẹ̀ ni wọ́n fi ra ojú àti ọwọ́, wọ́n kírun.

Mo ní, "Ìyá, omi tí ẹ jà fún dà?"

"Ṣebí ó dé?"

Rafíù ní, "Ìyá, ṣé a tún ń lọ lọ́la?"

"A ń lọ. A ó gba korobá wa."

Mo ti gbé ìkòkò ọbẹ̀ náà pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.