Ìbọn Tó Pa Kúnlé

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú àtijọ́, sà. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ ìwé yìí, ṣùgbọ́n ojú máa ń tì mí láti máa kọ̀wé sí ẹni tí mo mọ̀ pé kò ní kà á. Lónìí, ojú ò tì mí mọ́. Òjò ti dá, mo sì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tí ẹ kọ́ sí Mowé, lórí àga tí ẹ máa ń jókòó sí láti kun bàtà rélùwéè yín. Títí ẹ fi lọ, mi ò mọ ìdí tí ẹ fi ń kun bàtà náà, torí ẹ ti fẹ̀yìn tì, ẹ kì í sì í wọ̀ ọ́ jáde. Ta lẹ ń kùn ún dè?

Àdúgbò wa ti yàtọ̀. Nígbà tí a kó kúrò ní Ifọ̀ wá síbí, igbó ló pọ̀ ju ilé lọ. Ní báyìí, àwọn ará Èkó ti kọ́lé dé ẹ̀yìn ògiri wa, ẹ̀rọ amúnáwá ń ké lọ́tùn-ún lósì. Nínú ilé, èmi nìkan ni. Àárọ̀ kùtùkùtù ni mo máa ń jáde lọ Èkó, ìrọ̀lẹ́ ni mo ń dé. Ọjọ́ míì wà tó jẹ́ pé ìyá tó ń ta búrẹ́dì níbi tí mo ti ń wọkọ̀ ní Ìbàfò nìkan ló máa bi mí bóyá mo sùn dáadáa.

Ẹ ò dúró kí n parí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ mi, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mo dà. Nígbà tí mo wọṣẹ́ ọlọ́pàá, gbogbo ìgbà tí mo bá wálé lẹ máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀: "Ṣé wọ́n ti fún ẹ níbọn?" Wọ́n ti fún mi, Bàbá. Ìbọn pọ̀ lọ́wọ́ mi débi pé òórùn ẹ̀tù kì í fẹ́ kúrò nínú irun mi. Àwọn ìbọn tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ ọ̀daràn, àti ọta tí wọ́n bá ṣà níbi tí èèyàn ti kú, orí tábìlì mi ni wọ́n ń gbé wọn wá ní yàrá àyẹ̀wò. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: ṣé ìbọn yìí ló yin ọta yìí?

Ọ̀gá Sólómọ́nì ló kọ́ mi. Ará Ẹdó ni, ó ń sọ Yorùbá bí ẹni tó ń rìn lórí òkúta láìwọ bàtà. Kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan maikirosikópù fún ìgbà pípẹ́. Títú ìbọn palẹ̀ ni mo kọ́kọ́ kọ́, mo ń nù ún, mo ń ya inú rẹ̀ sórí pépà títí ó fi di pé mo lè dijú kí n tò ó padà. Lẹ́yìn náà ló kọ́ mi bí a ṣe ń yìnbọn sínú tánkì omi gígùn kan kí ọta má baà bàjẹ́, àti bí a ṣe ń gbé ọta méjì sábẹ́ maikirosikópù tó máa ń fi wọ́n hàn pa pọ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, èkejì lápá òsì, kí èèyàn lè wò bóyá àpá tí inú ìbọn fi sí ara wọn bára mu.

Ìdáhùn mẹ́ta péré ló wà nínú iṣẹ́ wa: òun ni, òun kọ́, mi ò lè sọ. Ọ̀gá sọ fún mi pé ẹ̀kẹta ló le jù láti sọ, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ ọ.

Ní ọjọ́ kan ó gbé ọta méjì fún mi, ó ní láti inú ìbọn kan náà ni wọ́n ti jáde, kí n kàn lọ wò ó kí ojú mi lè mọ̀ ọ́n. Mo wò ó, mo rí àpá tó bára mu, mo tọ́ka sí wọn fún un, inú mi sì ń dùn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Inú ìbọn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti jáde.

"Ojú rẹ kọ́ ló rí àpá yẹn," ó ní. "Etí rẹ ló rí i. Èmi ni mo sọ fún ọ, ìwọ náà wá lọ bá mi wá a."

Mi ò gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn. Ọ̀sẹ̀ tí mo ń ṣe ìdánwò ìparí ni wọ́n pè mí pé ẹ ti lọ. Ṣé ẹ gbọ́ nígbà tí mo ń bẹ yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn pé kí ẹ dúró díẹ̀ sí i?

Bàbá Kúnlé, ọ̀rẹ́ yín tí ẹ jọ ṣiṣẹ́ ní ibùdó rélùwéè Ifọ̀, àwọn ló dì mí mú létí sàréè. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn ni wọ́n máa ń pè mí lórí fóònù. Wọ́n á béèrè bóyá mo ti jẹun. Wọ́n á ní kí n gbé fóònù fún Kúnlé tí mo bá rí i ní Èkó, bí ẹni pé Èkó ò ju àgbàlá kan lọ. Ọmọ kan ṣoṣo ni Kúnlé jẹ́ fún wọn, èmi náà ọmọ kan ṣoṣo. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé inú àwo kan náà la ti jẹun dàgbà.

Bàbá, wọ́n ti pa Kúnlé.

Ó ti kúrò ní Èkó, ó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù fóònù sí Ifọ̀, ó ń ta káàdì, ó ń tún fóònù tó bàjẹ́ ṣe. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan bó ṣe ń palẹ̀ mọ́, àwọn olè tó fi aṣọ bojú wọlé. Ó kó gbogbo fóònù fún wọn. Wọ́n ṣì yìnbọn fún un. Wọ́n sá lọ, kàtíríìjì kan ṣoṣo, ìyẹn èèpo ọta tí wọ́n ti yìn, ló sì kù nílẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, àwọn ọlọ́pàá rí ìbọn àgbélẹ̀rọ kan ní ṣọ́ọ̀bù Ràṣídì, wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀ ní òpópónà kan náà. Ràṣídì ní ọdẹ kan ló gbé e wá kí òun bá a jó ìdí rẹ̀ tó ṣẹ́. Ọdẹ náà gbọ́, ó sá kúrò nílùú. Ta ló wá fẹ́ gba Ràṣídì gbọ́? Kí wọ́n tó mú un dé àgọ́ ọlọ́pàá, àwọn èèyàn ti dáná sun ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Orí tábìlì mi ni ìbọn náà àti kàtíríìjì náà dé.

Mo lọ bá Ọ̀gá lójú ẹsẹ̀. Mo ní ọmọ ìyá ni mo ka olóògbé sí, mi ò lè ṣe é.  Àwa méjì péré la lè ṣe iṣẹ́ náà.

"A ó kọ ọ́ sínú ìwé pé o mọ̀ wọ́n," ó ní. "Ìwọ ṣe tìẹ. Èmi náà á ṣe tèmi láìwo tìẹ. Tí ó bá yàtọ̀, a ò ní fi ránṣẹ́."

Bàbá Kúnlé wá sí Mowé kí n tó ṣe é. Wọn ò jókòó. Wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, fìlà wọn wà lọ́wọ́.

"Wọ́n ní ọ̀dọ̀ rẹ ló wà," wọ́n ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O ṣáà mọ ohun tí wàá sọ."

"Mi ò tíì mọ̀, sà. Mi ò tíì wò ó."

Wọ́n wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ èdè tí mò ń sọ. "Kí lo tún fẹ́ wò, ọmọ mi? Kúnlé ni wọ́n pa."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín: mo fẹ́ kó jẹ́ òun. Mo fẹ́ kí àpá yẹn bára mu ju bí mo ṣe fẹ́ jẹun lọ. Inú ìbọn, irin ṣóńṣó kan wà tó dà bí abẹ́rẹ́. Òun ló máa ń gún ìdí kàtíríìjì kí ẹ̀tù inú rẹ̀ lè gbiná. Bí ẹnu irin náà bá ṣe rí ni àpá rẹ̀ ṣe máa rí. Mo yọ ọta inú kàtíríìjì tuntun dànù, mo fi ìdí rẹ̀ sínú ìbọn Ràṣídì, mo yìn ín, mo sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí wọ́n ṣà níwájú òkú Kúnlé. Àpá tìbọn Ràṣídì fẹ̀, ó rí roboto. Àpá ti ìbọn tó pa Kúnlé rí tóóró, ó ní ìlà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ìgbà tí èékánná họ nǹkan. Mo tún un yìn. Mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì, mo ń wá ohun tí mo fẹ́ rí. Lẹ́yìn náà ni mo gbé ojú mi kúrò lórí maikirosikópù, mo sunkún. Òun kọ́. Ọ̀gá wo tirẹ̀ lọ́tọ̀. Òun kọ́.

Kọ́ọ̀tù ní Ifọ̀ ni wọ́n pè mí sí. Láti ìgbà tí a ti sin yín, mi ò tíì padà síbẹ̀. Bàbá Kúnlé jókòó síwájú, mo sì ń gbìyànjú kí n má wo apá ibẹ̀. Agbẹjọ́rò ìjọba bi mí bóyá mo mọ bàbá olóògbé. Mo ní bàbá ni wọ́n jẹ́ fún mi.

"Ṣé ohun tí o ń sọ ni pé ọwọ́ ẹni yìí mọ́?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, sà. Ohun tí mo sọ ni pé ìbọn yìí kọ́ ló yin kàtíríìjì yìí."

Kò sí ẹ̀rí mìíràn lọ́wọ́ wọn. Nígbà tó yá, wọ́n tú u sílẹ̀. Ràṣídì fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún mi níta, mo yára kúrò níwájú rẹ̀. Kí ló fẹ́ dúpẹ́ fún? Bí àpá yẹn bá bára mu, èmi kan náà ni ǹ bá sọ pé òun ni. Bí mo ṣe yí padà ni mo kan Bàbá Kúnlé. Mo kúnlẹ̀. 

"Ìwọ lo gbà á sílẹ̀," wọ́n ní. "Bí bàbá rẹ bá wà láyé, ojú ì bá tì í."

Wọ́n bá tiwọn lọ. Láti ọjọ́ náà, fóònù mi kò dún mọ́ ní ọjọ́ Àìkú. Mo máa ń gbé e sórí tábìlì lẹ́yìn tí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo máa ń wò ó.

Ṣé lóòótọ́ ni, Bàbá? Ṣé ojú ì bá tì yín? Ẹ̀yin tí ẹ kì í fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà, tó jẹ́ pé ẹ máa ń fún aládùúgbò ní ilẹ̀ díẹ̀ sí i kí ọ̀rọ̀ lè tán, kí lẹ máa sọ fún ọ̀rẹ́ yín lọ́jọ́ náà? Mo ti bi yín nínú ilé yìí lóhùn òkè, mo ti bi yín nínú ọkọ̀, níbi tí àwọn èrò ti rò pé orí mi dàrú.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n kó àwọn ìbọn kan dé láti ọwọ́ àwọn adigunjalè tí wọ́n mú lójú ọ̀nà Ṣágámù. Mò ń yìn wọ́n níkọ̀ọ̀kan, mò ń wo àpá wọn. Mo dé orí ọ̀kan. Àpá tóóró. Ìlà bí ibi tí èékánná họ. Mi ò sọ nǹkan kan fún Ọ̀gá. Mo kàn ní kó wá wò ó. Ó pẹ́ lórí rẹ̀ gan-an, lẹ́yìn náà ló sọ pé, "Òun ni." Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ó sì jáde kí n lè dá wà.

Mo dúró kí àwọn ọlọ́pàá kọ́kọ́ lọ sọ fún Bàbá Kúnlé, kí èmi tó gba Sàngó lọ sí Ifọ̀. Bàbá Kúnlé ti rù. Àwọn ará àdúgbò ò mọ ohun tí wọ́n á máa pè wọ́n mọ́, àwọn kan ṣì ń pe Bàbá Kúnlé, àwọn míì kàn ń sọ pé "Bàbá." Wọ́n ní kí n wọlé.

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú, sà."

 Wọ́n dìde, wọ́n mú ọ̀pá. "Mú mi lọ sọ́dọ̀ ọmọ yẹn."

Abẹ́ igi ni Ràṣídì ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Nígbà tó rí wa, ó pa iná, ó ṣí ìbòjú, kò mọ̀ bóyá kó sá tàbí kó dọ̀bálẹ̀. Bàbá Kúnlé ò dúró dè é.

"Mo ti ń gbàdúrà kí o kú," wọ́n ní. "Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti ń gbà á. Mo ní kí n wá sọ ọ́ fún ọ fúnra mi."

 "Mo mọ̀, Bàbá," Ràṣídì sọ. "Tó bá jẹ́ pé ọmọ tèmi ni, èmi náà á gbà á."

Ó fi aṣọ nu bẹ́ǹṣì, ó gbé e wá fún wọn. Wọ́n jókòó. Ràṣídì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí Kúnlé ṣe máa ń bá òun fi iná sí fóònù láìgba kọ́bọ̀, àti bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín títí á fi máa wúkọ́. Bàbá Kúnlé ní, "Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rẹ́rìn-ín." Wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi dúró sí apá kan nínú oòrùn. Kò sẹ́ni tó ní kí n má jókòó, kò sì sẹ́ni tó rántí pé kí n jókòó.

Bàbá Kúnlé sìn mí dé ibi ọkọ̀. Wọ́n ní kí n kí ilé, bí ẹni pé ẹnì kan wà nílé. Wọn ò sọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ ní kọ́ọ̀tù, èmi náà ò bi wọ́n. Ọjọ́ Àìkú méjì ti kọjá lẹ́yìn ìyẹn. Wọn ò tíì pè.

Ohun tí mo wá sọ nìyí, Bàbá. Mi ò lè sọ ọ́ fún àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́, mi ò sì ní ẹlòmíì. Tó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ni ojú ń tì yín níbi tí ẹ wà, ẹ forí jì mí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún gbé ìbọn Ràṣídì wá sórí tábìlì mi lọ́la, kí n tó rí ìbọn kejì, kí n tó mọ ohunkóhun, ohun kan náà ni màá sọ.

Kí Ọlọ́run tù yín lára, sà. Bí ẹ bá rí Kúnlé lọ́hùn-ún, ẹ bá mi dì mọ́ ọn.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tí àárò yín ń sọ.