Bọ́tìnnì Tí Mo Kúnlẹ̀ Tẹ̀

Màámi mi,

Ẹ kú ilé o. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Egan ní Èkó níbí. Ṣé ara Bàbá ti mókun? Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Mo kí Bọ̀dá Dúró àti ìyàwó wọn, mo sì kí àwọn ìyá ẹgbẹ́ akọrin lápapọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ foríjì mí ná. Ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ èèyàn kì í kọ ọ̀rọ̀ ilé onítọ̀hún ránṣẹ́, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, mo ti fà á ya, mo tún ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí mo bá ní kí n pè yín, ògiri ilé yìí kò nípọn, wọ́n á gbọ́. Ẹ̀yin náà á sì ti máa sunkún kí n tó sọ ọ̀rọ̀ dé ìdajì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ṣe ọkàn gírí tí mo ń kọ ọ́.

Ilé-ẹ̀kọ́ ń lọ. Mi ò mọ̀ bóyá ó ń lọ dáadáa. A pọ̀ ní kíláàsì débi pé ẹni tó bá pẹ́ dé, ìta fèrèsé ló ń dúró sí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń dáhùn ìbéèrè kí olùkọ́ tó bi í tán. Èmi á mọ ìdáhùn, màá tún máa yẹ̀ ẹ́ wò nínú ọkàn mi títí ẹlòmíràn á fi sọ ọ́. Ẹ ṣáà mọ̀ mí. Òjò kò sì jẹ́ ká sinmi. Bí ó bá ti rọ̀, ọ̀nà ilé wa á di ẹrọ̀fọ̀, ńṣe la ń gbé bàtà lọ́wọ́ jáde sí títì. Bí mo bá ń bọ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́ tí mo dé orí afárá Ìyànà Ìpájà, èrò á kún bámú, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì mọ orúkọ mi. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, mi ò lè ra ata kí ẹnìkan má pè mí ní ọmọ Ìyá Dúró.

Ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ ni mo fẹ́ sọ. Ilé ìpọntí tí Bọ̀dá Kọ́lá, àbúrò yín tí mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn, mú mi wọ̀, èyí tí ẹ sọ fún Bàbá pé ilé iṣẹ́ ohun mímu ni (irọ́ kọ́ ṣá), ti ń dàgbà. Inú gáréèjì ní Ìgandò ni Màdáámù tó ni ín ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkà bàbà àti atalẹ̀ pọn bíà. Ní báyìí a ti ní gbọ̀ngàn tiwa, àwọn ilé ọtí láti Ẹgbẹ́dá dé Ìkòtún ló ń béèrè ọjà wa. Ìdàgbà yẹn ló mú ìdàrúdàpọ̀ wá. Ẹni tó ń ṣọ́ sítọ̀ ní àkọsílẹ̀ tiẹ̀, akáùǹtáǹtì ní tiẹ̀. Bọ̀dá Kọ́lá, tó jẹ́ ọ̀gá àwọn tó ń tajà, kó gbogbo oníbàárà sórí fóònù àti sínú orí wọn. A á ta ọtí tí kò sí nílẹ̀. A á tún lọ ra ọkà nígbà tí ọkà ń hù ní sítọ̀.

Màdáámù wá ra ètò kọ̀ǹpútà kan tó so gbogbo iṣẹ́ pọ̀. Bí ọkà bá wọlé, sítọ̀ á rí i, akáùǹtì á rí i. Bí a bá pọn ọtí, ọkà á dín kù níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe nǹkan á béèrè lórí rẹ̀, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn á sì tẹ “Mo gbà” tàbí “N kò gbà”. Àwọn òṣìṣẹ́ sọ ọ́ ní Ojú Màdáámù. Dírẹ́bà wa béèrè bóyá ó máa ń rí òun bí òun bá dúró tọ̀ lójú ọ̀nà. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi Bọ̀dá Kọ́lá. Lọ́jọ́ tí a kó orúkọ àwọn oníbàárà kúrò lórí fóònù wọn sínú ẹ̀rọ náà, wọ́n jókòó bí ẹni tí onílé kó ẹrù rẹ̀ síta. Nínú mọ́tò lọ́nà ilé, wọ́n ní àwọn oníbàárà tí àwọn fi ẹsẹ̀ rìn wá kiri, Màdáámù lè máa pè wọ́n fúnra rẹ̀ báyìí, kí ló tún fẹ́ fi àwọn ṣe? Mo ní Ọlọ́run ò ní jẹ́.

Èmi ni wọ́n wá fi ṣe ẹni tó ń tú ọtí sílẹ̀, ìyẹn ẹni tó ń fọwọ́ sí i kí wọ́n tó rọ ọ́ sínú ìgò. Kì í ṣe pé mo gbọ́n. Ọmọkùnrin tó wá kọ́ wa ní ẹ̀rọ náà sọ pé ẹni náà kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó pọn ọtí tàbí ẹni tó ń tà á. Màdáámù wò yíká, wọ́n ní ọwọ́ mi yá lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá Fẹ́mi, tó ń pọn ọtí, kọ́ mi bí mo ṣe máa bu díẹ̀ láti inú táńkì, kí n fi ọ̀pá dígí kan tó ń léfòó sínú rẹ̀. Ibi tó bá léfòó dé ló ń sọ iye ṣúgà tó kù. Bí ìwúkàrà bá ti jẹ ṣúgà náà tán, nọ́ńbà á dúró lójú kan, ìgbà yẹn ni kí n tẹ “Mo gbà”. Bí a bá rọ ọ́ sínú ìgò ṣáájú, inú ìgò ni yóò ti máa wú lọ, ìgò á sì bú lójú ẹni tó bá gbé e dání.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyí. Bí mo bá tẹ “N kò gbà”, fóònù gbogbo wa ló ń dún, ohun tí a ó sì rí ni pé Mọ́rẹ̀nikẹ́ kò gbà fún Kọ́láwọlé. Kò sí Bọ̀dá níbẹ̀, kò sí ẹ jọ̀ọ́. Nítorí náà n kì í tẹ̀ ẹ́ fún àgbà. Màá fi ìbéèrè sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, màá lọ bẹ onítọ̀hún níbi tó wà kó yọ ọ́ fúnra rẹ̀. Àmọ́ Màdáámù ní iṣẹ́ ń falẹ̀ jù. Wọ́n ní kí ọmọkùnrin yẹn tún un ṣe: ìbéèrè tí a kò bá dáhùn kí iṣẹ́ tó parí lọ́jọ́ náà, ẹ̀rọ á kà á sí pé a ti gbà.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, Ọ̀gá Fẹ́mi ti lọ sìnkú ní Ìkìrun. Bọ̀dá Kọ́lá béèrè fún ọtí tó wà nínú táńkì ńlá, nítorí ilé ọtí tuntun kan ní Ìkòtún fẹ́ ṣí lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n sì ti ṣèlérí. Mo wọn ọtí náà. Nọ́ńbà ṣì ń wálẹ̀. Mo tún un wọ̀n, ó ń wálẹ̀ síbẹ̀. Mo wá ń rò ó pé bóyá èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n wò. Fóònù Ọ̀gá Fẹ́mi kò wọlé. Mo pe Màdáámù, wọ́n ní ohun tí mo bá rí ni kí n tẹ̀, wọ́n sì gé e.

Bọ̀dá Kọ́lá wá bá mi. Wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe eré, wọ́n ní ọmọ ẹ̀gbọ́n àwọn ti di mánẹ́jà, kí mánẹ́jà jọ̀ọ́ ta àwọn lọ́rẹ bọ́tìnnì kan. Mo ní nọ́ńbà ṣì ń wálẹ̀, sà. Wọ́n ní nọ́ńbà wo jàre, kí ẹ̀rọ tó dé ṣebí ẹnu la fi ń tọ́ ọ wò, ta ló kú? Mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi yọ ìbéèrè náà. Ojú wọn wá yí padà. Wọ́n bi mí pé ta ló mú mi wá sí Èkó, ilé ta ni mo ń sùn. Wọ́n ní bí oníbàárà yẹn bá bọ́, Màdáámù á ní òun ti rí i pé àwọn ò wúlò mọ́, ọwọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n àwọn ló sì ti àwọn ṣubú. Lẹ́yìn náà wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. Wọ́n ní kí n má tẹ nǹkan kan, kí n ṣáà dákẹ́. Àbí ọmọ ò lè dákẹ́ fún àgbà mọ́ ni?

Màámi, ó wù mí kí n dákẹ́. Iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń to ìgò sílẹ̀ fún ọjọ́ kejì. Ọmọbìnrin tó ń dé ìgò máa ń tẹ orí ba lé wọn, bí ẹni tó fẹ́ fi ẹnu kò wọ́n.

Mo kúnlẹ̀. Mo na ọwọ́ sókè sí orí tábìlì láti ibi tí mo kúnlẹ̀ sí, mo ní ẹ má bínú sà, mo sì tẹ “N kò gbà”. Fóònù wọn dún lápò. Ti àwọn tó wà nídìí ìgò náà dún. Ẹnìkan pariwo pé hẹ̀ẹ́, Mọ́rẹ̀nikẹ́ ti já Kọ́láwọlé! Ẹ̀rín sọ. Bọ̀dá Kọ́lá kò yọ fóònù wọn wò. Wọ́n rọra jáde.

Láti ìgbà náà, wọn kì í dá mi lóhùn bí mo bá kí wọn. Ìyàwó wọn ní kí n bẹ̀rẹ̀ sí í wá yàrá nítòsí ilé-ẹ̀kọ́. Ilé ọtí Ìkòtún ti lọ ra ọjà níbòmíràn. Nígbà tí Ọ̀gá Fẹ́mi dé, wọ́n wọn táńkì náà, wọ́n ní mo wò ó dáadáa, pé ìgò ìbá bú. Màdáámù yìn mí níwájú gbogbo wa. Mo ti rò pé bí wọ́n bá ní mo ṣe é dáadáa, ọkàn mi á balẹ̀. Kò balẹ̀. Mo rí bí àbúrò yín ṣe ń fi atẹ́lẹwọ́ nu tábìlì tí kò dọ̀tí.

Lánàá òjò ká mi mọ́ bọ́sítọ́ọ̀bù. Mọ́tò wọn dúró, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn. A jọ wọ̀ ọ́ délé. Nígbà tí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n ń wo iwájú, wọ́n ní, kí ni àwọn fẹ́ sọ fún ẹ̀gbọ́n àwọn báyìí? Wọ́n sì wọlé.

Wọ́n á pè yín, Màámi. Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé nìyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ bó ṣe wù wọ́n. Bí wọ́n bá ní mo tàbùkù àwọn, ẹ má gbèjà mi. Ẹ ní kí wọ́n gbé fóònù fún mi, kí ẹ sì bá mi wí kíkankíkan, kí wọ́n máa gbọ́. Màá bẹ̀bẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí n sunkún, ẹ má jẹ́ kó ṣe yín. Bí nọ́ńbà bá tún ń wálẹ̀, màá tún tẹ̀ ẹ́, àmọ́ kí ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wọn ti gbè wọ́n lẹ́yìn ná.

Ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́, ojú yín kò ní ribi lára wa. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Ẹ má fi lẹ́tà yìí han Bàbá, ẹ má sì jẹ́ kí Bọ̀dá Dúró rí i. Bí ẹ bá kà á tán, ẹ fi dáná. Bí Bọ̀dá Kọ́lá bá pè, ẹ ò tíì gbọ́ nǹkan kan.

Èmi ni ọmọ yín,
Mọ́rẹ̀nikẹ́