Àwo Jáàsì Tí Mo Gbé Sóòrùn

Dádì mi àtàtà,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé mo láyà láti kọ̀wé sí yín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fa lẹ́tà yìí ya. Ọdún àkọ́kọ́ mi ní yunifásítì rèé, ohun gbogbo ló ń bà mí lẹ́rù. Bí mo bá fẹ́ dáhùn ìbéèrè ní kíláàsì, ohùn mi á máa gbọ̀n. Báwo ni n ó ṣe mọ bí a ti ń kọ̀wé sí ẹni tó ti lọ?

Bọ̀dá Káyọ̀dé, àkọ́bí yín, fi àwo jáàsì kan ránṣẹ́ sí Mọ́mì láti òkè òkun. Èyí tí ẹ fẹ́ràn jù ni, tí wọ́n gbà sílẹ̀ lójú agbo nínú ilé ọtí, irú jáàsì líle tí wọ́n ń pè ní háàdì bọ́ọ̀pù, tí ẹ máa ń sọ pé kì í ṣe orin ọ̀lẹ. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un tẹ̀ ni, láti inú téèpù àkọ́kọ́. Ó nípọn, ó sì wúwo. Mọ́mì ní kí n gbé e sórí ẹ̀rọ yín nígbà tí mo wá sílé ní Ọ̀wọ̀. Dádì, ó mọ́ jù. Mo gbọ́ tí ẹnì kan wúkọ́ láàárín èrò. Mo gbọ́ tí afọnfèrè mí kí ó tó fọn. Ibi tí tiyín máa ń há sí, tí ẹ ó fi ìka kan ṣoṣo ti abẹ́rẹ́ síwájú láìdìde dáadáa lórí àga, èyí kọjá níbẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Inú bí mi. Ta ló ní kó kọjá?

Èmi ni mo ba tiyín jẹ́.

Ọ̀sẹ̀ tí a fẹ́ sin yín, a ní kí wọ́n kun ilé kí àlejò tó dé láti Ìdóànì. Bọ̀dá Ràṣídì akunlé ló fẹ́ kun pálọ̀. Mo bẹ̀rù kí ọ̀dà má ta sí àwo yín lára, ni mo bá kó gbogbo wọn lọ sórí kọnkéré ẹ̀yìn ilé, mo fi ọ̀rá dúdú bò wọ́n. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo gbọ́n. Nígbà tí n ó fi rántí wọn lọ́sàn-án, oòrùn ti ká wọn kò bí ewé àgbàdo. Jìnnìjìnnì bò mí. Mo kó wọn dà sínú ihò ìdọ̀tí lẹ́yìn oko ẹ̀gẹ́, mo wa yẹ̀pẹ̀ lé wọn lórí.

Mọ́mì wá wọn tì. Níwájú àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tó wá kí wa, wọ́n nawọ́ sí Bọ̀dá Ràṣídì. “Ràṣídì, ìwọ nìkan lo wọ pálọ̀ mi! Òkú lo wá jà lólè?” Ọkùnrin náà búra títí, kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Mo wà níbẹ̀, mo gbé ife omi dání. Láti ìgbà náà, kò sí ilé kan nínú ìjọ wa tó tún pè é síṣẹ́.

Bí àwo tuntun náà ṣe ń kọrin, Mọ́mì ń sunkún. Wọ́n ṣàdúrà fún Bọ̀dá Káyọ̀dé, wọ́n sì tún gbé Ràṣídì ṣépè. Mo ṣe àmín sí àdúrà, mo dákẹ́ sí èpè. Dádì, ṣé ìdákẹ́ mi kì í ṣe àmín?

Lọ́jọ́ kejì mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá Ràṣídì láàárín ìlú. Mo ti kọ́ ohun tí n ó sọ sórí. Bó ṣe rí mi ló rẹ́rìn-ín. “Ọmọ Dádì! O mà ti di ará yunifásítì. Kàwé rẹ o, má wá bá mi kun ògiri.” Ó ra omi tútù fún mi. Mo mu ún, mo dúpẹ́, mo sì wá ọkọ̀ padà sí ilé ìwé.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í gba irọ́ kékeré lẹ́nu wa, ẹ ò bá fà mí létí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kí ló dé tí ẹ fi lọ, tí kò sẹ́ni tí yóò fà mí mọ́? Mo ń bínú sí yín nítorí ìyẹn.

Mọ́mì ní àwọn máa ń rí yín lójú àlá. Tí ẹ bá tún lọ bá wọn, ẹ dákun, ẹ má sọ ohun tí mo kọ yìí fún wọn. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ bá mi pa á mọ́ sọ́dọ̀ yín.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí ojú ń tì.