Nítorí Ohùn Màmá Yín

Ojúlé Kẹta,
Ẹ̀yìn Ilé-iṣẹ́ Ọ̀dà.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àìfojúkanra. Ṣé ara yín le? Ṣé ìwé ń wọlé? Àlàáfíà ni gbogbo wa wà, àfi èmi tí oorun ò kùn.

Ẹ ṣáà mọ iṣẹ́ màmá yín, àǹtí mi: ife tó ní ihò nídìí ni wọ́n fi ń wo bí ọ̀dà ṣe ki tó. Wọ́n á bù ú kún, wọ́n á kan ògiri kí Aláago tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ aago, ọ̀dà á máa ṣàn bí okùn. Bí okùn yẹn bá já, wọ́n á pariwo, "Ó já o," Aláago á sì tẹ aago dúró. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá ló dára. Lọ́jọ́ Ajé, mo lúgọ sábẹ́ fèrèsé Aláago, ẹnu ń yún mi. Mo sín ohùn màmá yín jẹ: "Ó já o." Ó tẹ aago: méjìdínlógún. Mo kàn fẹ́ fi í rẹ́rìn-ín ni. Ariwo ẹ̀rọ ò jẹ́ kí màmá yín gbọ́, kí wọ́n sì tó pariwo tiwọn, Aláago ti sáré lọ sọ fún ẹni tó ń po ọ̀dà pé ó ti ṣàn jù. Ìyẹn da ìyẹ̀fun tó ń mú ọ̀dà ki sí i. Odindi àgbá ọ̀dà bá dì pa sínú páìpù.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá ní kí màmá yín kó ẹrù wọn.

Wọ́n ní, "Ọ̀gá, mi ò pè é kó tó já rí."

Aláago ní, "Ṣé etí ẹlòmíì ni mo fi gbọ́ ni?"

Mo jẹ́wọ́ pé èmi ni mo pè é. Aláago bú sẹ́rìn-ín: "Àwòko, o fẹ́ gba àǹtí ẹ sílẹ̀. Ohùn tí mo ti ń gbọ́ fọ́dún mọ́kànlá, ìwọ ọmọ àná yìí?"

Ọ̀gá ní ká dán an wò. Aláago padà sẹ́yìn ògiri. Ọ̀dà ń ṣàn. Màmá yín fọwọ́ bo ẹnu. Bí mi ò bá rí ohùn yẹn mú, iṣẹ́ wọn ti lọ, èmi náà á di òpùrọ́. Mo dijú. "Ó já o."

Aláago nahùn láti inú: "Mẹ́sàn-án. Ọ̀dà yìí mà ṣàn o, àǹtí."

Ọ̀dà ṣì ń sọ̀kalẹ̀ gbọọrọ níwájú ọ̀gá.

Iṣẹ́ wọn ò lọ mọ́. Agogo ni wọ́n ń lù báyìí dípò kí wọ́n pariwo, èmi ni mo ń ha páìpù. Wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀. Tèmi, inú páìpù ló fọ́ sí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹrin rèé tí màmá yín ò bá mi sọ̀rọ̀. Ohùn wọn wà lẹ́nu mi, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ̀wé bẹ̀ wọ́n.

Ẹ kí àwọn tí ẹ jọ ń gbé yàrá.

Èmi ni tiyín, tó ń retí ẹ̀bẹ̀ yín,
Àwòko.